Ìtọ́jú ajá tí àìsàn ìfun ti di bárakú fún: oúnjẹ ṣáájú oògùn

Bí ajá bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, tó sì ṣu gbuuru fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ara rẹ̀ sábà máa ń yá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá ti ń lọ tó ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ajá náà sì ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oúnjẹ àná. Àìsàn ti di bárakú nínú ìfun nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tí hóró oògùn tí a sáré rà ní kẹ́míìsì lè yanjú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń sìn ajá ní Ìbàdàn mọ̀ ni pé ìtọ́jú rẹ̀ ní ètò: a ó kọ́kọ́ yẹ aràn àti àwọn àìsàn mìíràn wò, a ó wá yí oúnjẹ padà, ẹ̀yìn ìyẹn ni oògùn tó lágbára tó kàn. Ẹni tó bá tẹ̀lé ètò yìí yóò dín ìnáwó rẹ̀ kù, ajá rẹ̀ kò sì ní gbé oògùn tí kò nílò mì.

Awọ inú ìfun ló ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń lé ohun tí kò yẹ padà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara, tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àrùn, bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti oúnjẹ tí ajá ń jẹ, tàbí ti àwọn kòkòrò tí kò ṣeé fojú rí tó ti ń gbé inú ìfun rẹ̀ láti kékeré, awọ yìí á wú, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Nígbà tó bá le, èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá á máa jò sínú ìfun, á sì máa bá ìgbẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ajá fi ń jẹun tó sì tún ń rù. German Shepherd àti Boxer wà lára àwọn ìran ajá tó tètè ń ní in, ṣùgbọ́n kò yọ ajá ìbílẹ̀ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ajá, a kì í lè fa gbòǹgbò rẹ̀ tu pátápátá. Ohun tí à ń lépa ni pé kí oúnjẹ máa ṣe ara rẹ̀ lóore, kí ìgbẹ́ rẹ̀ dì, kí ó sì máa gbé ayé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ẹ ó kíyè sí nílé

Kí ẹ tó gbé ajá jáde, ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí ó lè sọ ibi tí àìsàn wà. Bí ìgbẹ́ bá pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, tó ṣàn, tó ń dán nítorí ọ̀rá tí kò dà nínú rẹ̀, tàbí tó dúdú bí ọ̀dà, tí ajá sì ń rù, ìfun kékeré ni ó ṣeé ṣe kó ní ìṣòro. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣu, tó ń sáré jáde léraléra, tó ń lóṣòó pẹ́ kí nǹkan tó jáde, tí ikun àti ẹ̀jẹ̀ pupa sì wà lójú ìgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìfun ńlá ni. Àwọn ajá kan máa ń ní méjèèjì pọ̀. Fọ́tò ìgbẹ́ tí ẹ yà sórí fóònù wúlò fún dókítà ju àlàyé gígùn lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti yà á.

Ẹ wá ìwé kan tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Ohun mẹ́fà ni àwọn dókítà ẹranko fi ń díwọ̀n bí àìsàn yìí ṣe le tó: bí ara ajá ṣe yá gágá sí, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń bì, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, iye ìgbà tó ń ṣu lójúmọ́, àti bó ṣe ń rù. Wọ́n máa ń fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 títí dé 3, wọn á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún ìwọ̀n ajá kékeré, ẹ gbé e dání, kí ẹ gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ gun ún ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹ sì yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ajá ńlá ní láti lọ gun òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn. Láìsí ìwé yìí, ẹ kò ní lè mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ tàbí ojú lásán ni ẹ fi ń wò ó, nítorí pé àìsàn yìí fúnra rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, á tún ru sókè lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ajá náà ti ń jẹ láti ìgbà tí ẹ ti gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú: orí adìyẹ, ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹran màlúù, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹja pánlá, bísíkíìtì àwọn ọmọ, oúnjẹ ajá inú àpò. Ìwé yìí ni a ó padà wá lò nígbà tí a bá dé orí oúnjẹ.

Àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Mọ́kọ́lá, àwọn dókítà aládàáni sì wà káàkiri ìgboro. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ gbé ìgbẹ́ tútù dání nínú ike tó mọ́, kí ó má ju wákàtí mélòó kan lọ lẹ́yìn tó ṣu ú.

Aràn ni a kọ́kọ́ ń wá. Irú èyí tó ń so mọ́ ògiri ìfun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, Giardia náà sì wà, tó kéré débi pé awò asọhun-kékeré-di-ńlá nìkan ló lè fi í hàn. Ẹyin wọn kì í jáde lójoojúmọ́, nítorí náà bí àyẹ̀wò kan kò bá rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń fún ajá ní oògùn aràn fenbendazole, 50 mg fún kílò kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, bí àyẹ̀wò tilẹ̀ mọ́. Mo fara mọ́ èyí pátápátá. Oògùn náà kì í sábà fa wàhálà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan bí a bá fi wé ohun tí ẹ ó ná bí ẹ bá fi aràn sílẹ̀ tí ẹ sì ń wá àìsàn mìíràn kiri.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ajá ti dín kù, bóyá kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àti iye albumin, ìyẹn èròjà amúaradàgbà tí mo sọ pé ó máa ń jò. Ẹ ní kí wọ́n wá àìsàn tí eégbọn ń gbé kiri, Babesia àti Ehrlichia, nítorí pé ajá tí ó ní wọn lè rù, kí ojú rẹ̀ sì funfun, kí gbogbo ènìyàn máa rò pé inú rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ German Shepherd tó ń jẹun àjẹwọra tó sì gbẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó sì kún fún ọ̀rá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pancreas rẹ̀, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, ni kò tú omi sínú ìfun mọ́ láti mú kí oúnjẹ dà. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀ pátápátá: ìyẹ̀fun oògùn kan tó ń ṣe iṣẹ́ omi yẹn ni a máa ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ títí ayé. Dókítà tún lè fi àwòrán sikáànù wo inú ikùn, nítorí pé kùkù àgbàdo tí ajá gbé mì ní ìta lè há sínú ìfun, a kò sì lè fi oúnjẹ tàbí oògùn yọ ọ́.

Oúnjẹ

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí jù. Nǹkan bí ìdajì lára àwọn ajá tó ní àìsàn yìí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ara wọn máa ń yá nípa oúnjẹ nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Síbẹ̀, ìtọ́jú tí a máa ń fò jù nìyí, nítorí pé kò jọ oògùn lójú wa.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni oúnjẹ inú àpò tí ilé iṣẹ́ ti gé èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ogun ara kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Òkè òkun ni ó ti ń wá, ó wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo èròjà tí ajá nílò ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ni kí ẹ máa dáná fún un nílé pẹ̀lú irú ẹran kan ṣoṣo tí kò tíì jẹ rí àti oúnjẹ afáralókun kan ṣoṣo. Ẹ padà sí ìwé yín. Ajá Ìbàdàn tó ti jẹ adìyẹ àti màlúù ní gbogbo ayé rẹ̀ lè jẹ ehoro, ẹja ẹpìyà, tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò lọ́ràá ní ilé tí wọ́n ti gbà á láàyè. Ẹ fi ìrẹsì funfun tàbí ànàmọ́ tí ẹ sè rọ̀ tì í. Ẹ má ṣe fi títús sí i bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń dán, nítorí pé ẹja náà lọ́ràá púpọ̀, ọ̀rá sì ni ìfun tó wú máa ń kọ̀ jù. Kò gbọdọ̀ sí Maggi, àlùbọ́sà, aáyù, ata tàbí epo nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ yọ egungun kúrò pátá.

Ajá àgbà tó wọn 20 kílò nílò nǹkan bí 1,000 kálórì lójúmọ́, ẹ sì jẹ́ kí dókítà bá yín ṣírò ti ajá yín. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan, kí iṣẹ́ ìfun lè fúyẹ́. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún yí i padà, kí ẹ máa dín ti àtijọ́ kù kí ẹ sì máa fi tuntun kún un. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má sè ju èyí tí ajá yóò jẹ tán kí ó tó bàjẹ́ lọ. Bí oúnjẹ tó ti kan bá da inú rẹ̀ rú, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹran tuntun náà ni kò bá a lára mu.

Ohun tó sábà ń ba ìdánwò yìí jẹ́ ni ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ ń ju bísíkíìtì sílẹ̀, àlejò ọjọ́ Sunday ń fún ajá ní egungun adìyẹ lábẹ́ tábìlì, ará ilé kejì ń da èérún àmàlà jáde, mẹ́gàdì sì ń bá ajá pín oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ilé. Ẹyọ ẹran màlúù kan ṣoṣo lè dá gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì padà sẹ́yìn. Ẹ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, inú ajá yìí là ń tọ́jú. Tó bá wá jókòó tì yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun, ẹ bá mi lé e o. Oúnjẹ tó wà nínú ike yìí nìkan ló gbọ́dọ̀ jẹ.” Àgbàlagbà tó mọ ìdí rẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́, ẹni tí ẹ kàn pàṣẹ fún yóò máa fún un ní kọ̀rọ̀ nítorí pé àánú ajá tó rù ń ṣe é. Oògùn aràn tó ní adùn ẹran àti egungun ìṣeré tí wọ́n ń tà fún ajá náà wà lára ohun tí ẹ ó dá dúró.

Bí ìgbẹ́ bá dì, ẹ má tètè yọ̀ kí ẹ padà sí oúnjẹ àtijọ́. Ẹ mú un dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹran àti ìrẹsì lásán kò ní kálísíọ̀mù tó, àwọn èròjà mìíràn pẹ̀lú kò sì pé, nítorí náà bí oúnjẹ ilé bá máa kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ ó fi kún un àti ìwọ̀n rẹ̀, pàápàá fún ọmọ ajá tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Bí ó bá jẹ́ ìfun ńlá ló ní ìṣòro, elégédé díẹ̀ tí ẹ sè tí ẹ sì gún kúnná lè bá a mú ìgbẹ́ dì. Bí irú ẹran àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó sì dá yín lójú pé kò sí ẹni tó fún un ní nǹkan mìíràn, ẹ gbìyànjú òmíràn kí ẹ tó sọ pé oúnjẹ kọ́.

Ohun kan wà tó dúró láàárín oúnjẹ àti oògùn, fítámì B12. Apá ìsàlẹ̀ ìfun kékeré ló ń fà á, bí ibẹ̀ bá sì wú, fítámì náà á tán lára ajá, ìtọ́jú yòókù kò sì ní ràn án tó bó ṣe yẹ. Wọ́n máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan sí i ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ láti 250 títí dé 1,500 máíkírógíráàmù gẹ́gẹ́ bí ajá ṣe tóbi tó. Oníhóró tí a ń lò lójoojúmọ́ náà máa ń ṣiṣẹ́.

Oògùn, àti bí a ṣe ń díwọ̀n wọn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Flagyl, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń sáré sí. Ó lè mú ìgbẹ́ dì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe ìfun lóore pẹ̀lú, ìgbẹ́ sì sábà máa ń ṣí padà lẹ́yìn tí a bá dá a dúró. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, ajá lè máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ nítorí pé ó ti dé ọpọlọ. Èrò àwọn onímọ̀ lónìí ni pé kí oògùn apakòkòrò-àrùn má ṣe ṣáájú nínú irú àìsàn yìí, àyàfi bí a bá rí ìdí kan pàtó. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ wà: àìsàn ìfun ńlá kan máa ń ṣe Boxer àti French Bulldog, tí kòkòrò E. coli ń fà, tí enrofloxacin sì ń wò. Àdàlù Flagyl àti tẹtirasáíkìlì tí a ń dá lò fún ara wa kò yẹ ajá.

Bí oúnjẹ bá kùnà, prednisolone ló sábà máa ń kàn. Ó ń dín agbára àwọn ọmọ ogun ara kù, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì tètè ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1 sí 2 mg fún kílò kan lójúmọ́, ajá ńlá sì máa ń gba ìwọ̀n tó kéré sí èyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí ara bá ti ń yá, wọn á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì rárá, nítorí pé ara ajá yóò ti gbàgbé bí ó ṣe ń ṣe irú èròjà yìí fúnra rẹ̀, ajá sì lè dákú. Ẹ retí pé yóò máa mu omi gan-an, yóò máa tọ̀ nínú ilé, ebi yóò máa pa á kíkankíkan, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹran ara rẹ̀ sì lè dín kù bí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní ibuprofen, diclofenac tàbí Felvin pẹ̀lú rẹ̀, nítorí wọ́n lè dá ihò sí ìfun. Ibuprofen àti diclofenac tiẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá láìjẹ́ pé ó ń lo nǹkan kan.

Ohun méjì gbọ́dọ̀ ti parí kí prednisolone tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí a ti yanjú ọ̀rọ̀ aràn àti àìsàn eégbọn, nítorí oògùn tó ń dín agbára ọmọ ogun ara kù yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èkejì ni ìpinnu lórí bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lára awọ ìfun fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò yẹn nìkan ló lè fi dáni lójú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, prednisolone sì lè bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀ kí èsì má baà tọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti ẹnu tàbí ìdí wọ inú ìfun ni ó rọrùn fún ajá jù. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, ẹ béèrè iye albumin rẹ̀ kí ẹ tó gbà, nítorí pé ojú ọgbẹ́ inú ìfun kì í tètè jiná lára ajá tí albumin rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Fún ajá tó ṣì ń jẹun, tí albumin rẹ̀ pé, mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu kí a fi gígé sílẹ̀ títí oúnjẹ fi kùnà.

Nígbà tí prednisolone kò bá tó tàbí tí ìpalára rẹ̀ bá pọ̀ jù, ciclosporin wà, nǹkan bí 5 mg fún kílò kan lójúmọ́. Ó wọ́n, ó sì lè fa èébì ní ìbẹ̀rẹ̀. Azathioprine dín sí i lówó, ṣùgbọ́n ó gba kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò déédéé, owó àyẹ̀wò yẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín. Kí ẹ tó gba oògùn èyíkéyìí, ẹ bi dókítà léèrè pé: ọjọ́ wo ni a ó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Èló ni yóò ná wa lóṣù, pẹ̀lú àyẹ̀wò? Kí ni ẹ ó ṣe bí kò bá ṣiṣẹ́? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Bí owó kò bá tó fún ohun gbogbo, èrò mi ni pé kí ẹ ná an sórí àyẹ̀wò ìgbẹ́, albumin àti oúnjẹ tó péye, kí ẹ tó ná an sórí oògùn apakòkòrò-àrùn kẹta.

Ajá kan wà tí kò ní àkókò fún ètò tí mo là sílẹ̀ yìí. Bí albumin bá ti kéré sí 20 gíráàmù nínú lítà kan, tí ikùn rẹ̀ ń wú nítorí omi, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oúnjẹ tí kò lọ́ràá àti oògùn ni dókítà yóò bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ lè dì nínú iṣan kí ó sì pa á lójijì. Bí ó bá ń mí pẹ̀lú ìnira, tó ń bì láìdúró, tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ajá díẹ̀ wà tí gbogbo èyí kò ní ràn lọ́wọ́. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ọjọ́ tó ń fi inú ìrora dùbúlẹ̀ ti pọ̀ ju ọjọ́ tó ń dìde lọ, ó tọ́ kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan pa mọ́ nípa fífi oògùn mú un sùn títí láé láìní ìrora. Àánú ni, kò sì sí ẹ̀bi nínú kí ẹ béèrè rẹ̀.

Bí ara bá ti yá tí ìgbẹ́ wá tún ṣí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má ṣe fi kún oògùn lọ́wọ́ ara yín. Ẹ wo ìwé fún ohun tó yí padà lọ́sẹ̀ náà: àpò oúnjẹ tuntun, àlejò, ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun tí a kò tíì ṣàlàyé fún, oògùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dín kù. Ẹ gbé ìgbẹ́ lọ fún àyẹ̀wò aràn, kí ẹ padà sí oúnjẹ tó bá a lára mu tẹ́lẹ̀ láìfi ohunkóhun kún un, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ márùn-ún sí méje kí dókítà tó pinnu bóyá oògùn ni yóò gòkè.